Àríkẹ́ Oníyọ̀ Gba Yàrá ní Ilé Fákáyọ̀dé

Bí òjò bá ṣú, inú àgbẹ̀ a máa dùn, ṣùgbọ́n inú Àríkẹ́ Oníyọ̀ a máa bàjẹ́. Iyọ̀ lobìnrin náà ń tà ní Ọjà'ba, iyọ̀ òyìnbó tí ọkọ̀ ojú irin ń kó wá láti Èkó nínú àpò. Iyọ̀ kò sì bá omi ṣọ̀rẹ́. Yàrá tí ọkọ rẹ̀, olóògbé Oyèdélé, fi sílẹ̀ fún un ní Àrẹ̀mọ ló ń kó ọjà rẹ̀ sí, koríko bẹẹrẹ tó ti gbó ló sì wà lórí yàrá náà. Lọ́dún tí à ń wí yìí, ìyẹn kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí rélùwéè wọ Ìbàdàn, òjò kan rọ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Kí Àríkẹ́ tó ti ọjà dé, àpò tó wà nídìí ògiri ti rọ̀ wọ̀ọ̀, omi iyọ̀ ti ṣàn gba ẹnu ọ̀nà jáde, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò sì pé jọ síbẹ̀, wọ́n ń lá a.

Àríkẹ́ sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀, ó wò wọ́n. Kò lé wọn.

Ó ní, “Ẹ máa lá a. Ẹ̀yin kúkú jèrè lónìí.”

Nígbà tí Oyèdélé kú, àwọn àbúrò rẹ̀ fẹ́ ṣú Àríkẹ́ lópó. Ó bẹ̀ wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé òun ti dàgbà kọjá ìyàwó tuntun, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa ta iyọ̀ òun. Wọn kò bá a jà, wọn kò sì lé e. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gun òrùlé rẹ̀ láti fi ìdì koríko kan dí ojú ibi tó ń jò. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un, Àṣàkẹ́, wà nílé ọkọ ní Ìsẹ́yìn. Bí Àríkẹ́ ṣe rí i pé ilé onípáánù nìkan ló lè gba òun nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn nígbà náà. Páánù kò tíì pọ̀ ní Ìbàdàn. Yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìtajà àwọn òyìnbó àti ilé àwọn olówó díẹ̀, koríko ló wà lórí gbogbo ìlú. Yàtọ̀ sí èyí, ta ló gbọ́ rí pé ènìyàn ń fowó gba yàrá? Àlejò tó bá wọ̀lú, ọ̀dọ̀ baálé kan ni yóò lọ, baálé yóò sì fún un níbi tí yóò gbórí lé. Ilé kì í ṣe ẹ̀wà tí wọ́n ń fi ìgbákọ bù tà. Nígbà tí Àríkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn léèrè, ṣe ni wọ́n ń wò ó bí ẹni tí iyọ̀ ti wọ̀ lórí.

Hezekiah ló wá bá a sọ ọ̀rọ̀ gidi. Káfíńtà ni, ọmọ Abẹ́òkúta, ọwọ́ Àríkẹ́ ló sì máa ń ra iyọ̀. Lọ́jọ́ kan, bí ó ṣe ń dúró kí Àríkẹ́ wọn tirẹ̀ fún un, ó ní:

“Ìyá Àṣàkẹ́, ṣé ẹ ṣì ń wá ilé onípáánù? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ kan ní Pópó Yemọja. Ilé ológun àtijọ́ ni, ilé ràgàjì. Ọmọ tó jogún rẹ̀ ti tún apá iwájú ṣe. Ó fi páánù bò ó, mo fi pákó ṣe àjà sí i, mo gbé fèrèsé sí i, mo tún ṣe ìlẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́. Yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ó ń wá ẹni tí yóò gbà á, tí yóò máa sanwó lóṣooṣù.”

“Ilé ta ni?”

“Ilé Fákáyọ̀dé ni wọ́n ń pè é.”

Ọwọ́ Àríkẹ́ dúró lórí ìwọ̀n. Ó ṣe díẹ̀ kí ó tó tún bu iyọ̀, ó sì bù ú kọjá iye tí Hezekiah rà. Káfíńtà náà rò pé ènì ni, ó dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àríkẹ́ mọ ilé Fákáyọ̀dé kí ìyá Hezekiah tó bí i. Ọmọdé tí kò tíì gbọ́n ni nígbà tí ogun Ìbàdàn dé ìlú wọn lọ́hùn-ún ní Èkìtì. Àwọn ọmọ ogun Fákáyọ̀dé ló mú un wálé pẹ̀lú àwọn mìíràn. Ilé náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Àríkẹ́. Ilé náà ló ti ń gbálẹ̀, tó ń pọn omi láti odò Kúdẹtì, tó ń fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀, tó sì ń pọn ọmọ àwọn ìyàwó ilé. Kò ní purọ́ mọ́ wọn: wọn kò febi pa á, wọn kò sì nà án ju àwọn ọmọ ilé yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò lè rin ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ mọ ohun tí òun jẹ́, a kò ní láti sọ fún un.

Nígbà tó dàgbà, wọ́n gbà á láàyè láti máa wá nǹkan tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó ń ṣẹ́gi tà, ó ń bá àwọn ẹlòmíràn lọ ata, ó ń tọ́jú owó ẹyọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi lè dúró níwájú Fákáyọ̀dé kí ó sì ra ara rẹ̀ padà. Ológun náà wo owó náà, ó wo Àríkẹ́, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o jọ mí ju àwọn tí mo bí lọ.” Ó gba owó náà. Àríkẹ́ jáde lọ́jọ́ náà, kò sì padà. Lóòótọ́, Àrẹ̀mọ àti Pópó Yemọja kò jìnnà síra, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá fẹ́ gbé e gba ibẹ̀, a máa gba ẹ̀yìn òkè Mápó, a sì máa rìn yípo.

Nítorí náà, kò lọ wo ilé náà. Ọjà kan kọjá, òmíràn tún kọjá. Òjò tún rọ̀, àpò mìíràn sì tún lọ sí ọ̀nà ọ̀fun ewúrẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àríkẹ́ wẹ̀, ó wọ bùbá tó dára, ó ró aṣọ òkè rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà tí kò gbà láti ìgbà pípẹ́.

Ilé náà ti kéré sí bó ṣe wà lójú rẹ̀. Àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára ṣì wà níbi ìloro, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń so ẹṣin mọ́ tẹ́lẹ̀, àwọn ahunṣọ ló ti ta òwú sí. Òrùlé iwájú ń dán nínú oòrùn. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀ jáde sí i. Ojú rẹ̀ tutù. Àríkẹ́ mọ ẹni tó jẹ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí etí rẹ̀ kan tó rọ̀ díẹ̀. Gàníyù ni, àbíkẹ́yìn Fákáyọ̀dé.

Gàníyù kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Ẹ káàbọ̀, màmá. Ṣé káfíńtà ló júwe ibí fún yín?”

“Òun ni. Mo fẹ́ wo yàrá náà.”

Ó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ti fi ẹfun kun ògiri, ó funfun báláú. Ilẹ̀ dán. Òórùn pákó tuntun gba inú yàrá kan. Yàrá Fákáyọ̀dé fúnra rẹ̀ ni. Láyé ìgbà náà, ọmọdé kò gbọ́dọ̀ yọjú síbẹ̀. Bí Àríkẹ́ bá wọlé, àfi kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìgbálẹ̀, kí ó má gbójú sókè, kí ó gbá a tán, kí ó sì fẹ̀yìn rìn jáde. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa yàrá náà, ilẹ̀ rẹ̀ ni. Ó wá gbé orí sókè, ó wo àjà, ó wo ògiri, ó rìn dé ibi fèrèsé, ó sì tì í síta. Òkè Mápó yọ lókèèrè.

Ó ní, “Ìmọ́lẹ̀ wà níbí o.”

Gàníyù ní, “Fèrèsé yẹn ni. Nígbà ayé bàbá mi, dúdú kirimú ni ibí yìí.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀ báwo?”

Kí Àríkẹ́ tó fèsì, ohùn kan dún láti àgbàlá. “Gàníyù! Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Mo mọ ohùn yẹn.”

Adéyẹ́misí nìyẹn, ìyálé Fákáyọ̀dé, òun nìkan ló kù nínú àwọn ìyàwó rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń gbọ́ bí ti ehoro. Ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Tún un sọ kí n gbọ́.”

Àríkẹ́ kúnlẹ̀. “Èmi ni, ìyá. Ẹ kúulé.”

“Àríkẹ́ ni!” ni ìyá àgbà wí. Ó kọjú sí Gàníyù. “Ìwọ náà dúró bí ère. Àríkẹ́ tó pọ̀n ọ́ nìyí, nígbà tí àìsàn dá ìyá rẹ gúnlẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ lo ti kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀.”

Gàníyù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Nígbà tó dìde, inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ. Ó ní kí wọ́n gbé omi wá. Ó ní ọ̀rọ̀ owó ti parí, pé kò sí ẹni tí yóò gbọ́ pé òun gba owó lọ́wọ́ ẹni tó pọn òun. Yàrá ti di tirẹ̀, kí ó kó ẹrù wá lọ́la.

Àríkẹ́ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní, “Gàníyù, Ọlọ́run á bùkún fún ọ. Ṣùgbọ́n bí n kò bá ní sanwó, n kò ní wá.”

“Kí ló dé, ìyá mi? Ọmọ ilé yìí mà ni yín.”

“Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí mo bá ń gbé ibí lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ó ní Àríkẹ́ ẹrú Fákáyọ̀dé ti padà wálé. Bí mo bá ń sanwó, àlejò tó gba ilé ni mí. Bí inú bá bí mi, mo lè di ẹrù mi. Bí inú bá bí ẹ̀yin náà, ẹ lè ní kí n máa lọ. Bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn.”

Adéyẹ́misí fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. “Ẹ wá gbọ́ o! Ọmọ tí a tọ́ nínú ilé yìí ń ná ilé wa bí ẹni ń ná adìyẹ!”

“N kò ná an, ìyá. Iye tí Gàníyù bá pè ni n ó san. Nígbà tí mo gbé ibí tẹ́lẹ̀, n kò sanwó. Ẹ sì mọ ohun tí mo fi ń san.”

Gàníyù ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ láìmọ̀. Nígbà tó pẹ́, ó ní, “Ó dáa, ìyá mi. N ó máa gbà á. Ṣùgbọ́n n kò ní gbàgbé ẹ̀yìn tí mo gùn.”

Báyìí ni Àríkẹ́ ṣe kó wọ ilé Fákáyọ̀dé lẹ́ẹ̀kejì, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú alábàárù tó ru ẹrù rẹ̀ níwájú. Hezekiah kan pẹpẹ kan fún un tí yóò máa to àpò iyọ̀ lé, kí wọ́n má bàa kan ilẹ̀. Yàrá Fákáyọ̀dé ló ń sùn sí, ó kó iyọ̀ sínú yàrá kejì. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lórí páánù, bí ẹni ń da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ni. Àríkẹ́ dìde, ó lọ fọwọ́ kan àpò kọ̀ọ̀kan. Gbígbẹ ni wọ́n. Ó padà jókòó sórí ẹní rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Kọ́kọ́rọ́ náà, etí aṣọ rẹ̀ ló so ó mọ́. Nígbà mìíràn tó bá wà láàárín ọjà, a máa fọwọ́ wá a, kì í ṣe pé ó rò pé ó ti sọnù, ó kàn wù ú ni.

Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ó tó bọ́jú tán, ohùn Adéyẹ́misí ta láti ẹ̀yìnkùlé:

“Àríkẹ́ o! Omi tán nínú ìkòkò!”

Ẹsẹ̀ Àríkẹ́ dìde fúnra rẹ̀. Ó ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń wá ìkòkò, kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ó di òpó mú. Gbogbo ọdún tó ti lọ wá dà bí àlá, bí ẹni pé ilé yìí kò tíì tú u sílẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ títí èémí rẹ̀ fi balẹ̀. Ó wá lọ bá ìyá àgbà náà, ó kúnlẹ̀.

“Ìyá, ẹ jí ire bí? Mo ń gbéra ọjà. Bí mo bá ń bọ̀, n ó ra ẹ̀kọ gbígbóná fún yín. Ní ti omi, ẹ rán àwọn ọmọ Gàníyù.”

“Ṣé o kò gbọ́ ohun tí mo wí ni?”

“Mo gbọ́, ìyá.”

Ó dìde, ó jáde. Lọ́jọ́ náà ní Ọjà'ba, iyọ̀ ń dà nù lórí ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn fi dé àtàrí, àwọn tó jókòó tì í gbọ́ tó ń kọrin lábẹ́nu.

Láti ìgbà náà, Adéyẹ́misí kò dá a lóhùn mọ́. Ní àràárọ̀, Àríkẹ́ yóò kúnlẹ̀ kí i, ìyá àgbà yóò kọjú sí ògiri. Ní ìrọ̀lẹ́, Àríkẹ́ yóò gbé ẹ̀kọ kalẹ̀. Ó ń jẹ ẹ̀kọ, kò dáhùn. Gàníyù fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n Àríkẹ́ ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní, “Igi tó ti gbó kì í ṣe é tẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó sá ń jẹ ẹ̀kọ.”

Apá iwájú nìkan ni Gàníyù fi páánù bò. Ó ti fẹ́ bo ti ẹ̀yìn náà, níbi tí Adéyẹ́misí ń gbé, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí wọ́n má gbé ariwo lé òun lórí, pé koríko ni wọ́n fi bo orí òun nígbà tóun wọlé ọkọ, abẹ́ koríko náà lòun yóò kú sí. Òjò ọdún náà kò mọ ìyẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó ń rọ̀ tagbáratagbára, tí Adéyẹ́misí jókòó síbi ààrò tó ń yáná, ó gbọ́ gbì lẹ́yìn rẹ̀. Ògiri yàrá rẹ̀ ti wó, òrùlé sì ti jókòó sórí ẹní tó ti orí rẹ̀ dìde kò tíì pẹ́.

Gàníyù sáré dé, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run. Nígbà tó rí i pé ìyá àgbà kò fara pa, ó bẹ̀ ẹ́ kí ó máa bọ̀ ní yàrá ìyàwó òun. Adéyẹ́misí dìde. Ó fa aṣọ borí, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó la àgbàlá já nínú òjò, ó sì kọjú sí apá iwájú.

Ìlẹ̀kùn Àríkẹ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà, ó jókòó, ó ń wọn iyọ̀. Ìyálé ni Adéyẹ́misí nínú ilé náà. Láti ìgbà tó ti débẹ̀, yàtọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ọkọ rẹ̀, kò sí ẹnu ọ̀nà kan tó gbàṣẹ kí ó tó wọ̀ ọ́. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi ń kán láti ara aṣọ rẹ̀.

“Àgò onílé o.”

Àríkẹ́ gbé orí sókè. Ó rò pé òun kò gbọ́ dáadáa.

“Àgò onílé o, Àríkẹ́.”

“Àgò yà, ìyá. Ẹ wọlé.”

Àríkẹ́ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, ó fi èyí tó gbẹ wé e, ó mú un jókòó sórí ẹní tirẹ̀, ó gbé ìkòkò iná sún mọ́ ọn. Òjò ń dà lórí páánù débi pé àfi kí wọ́n pariwo kí wọ́n tó lè gbọ́ ara wọn.

“Kí lẹ wí, ìyá?”

“Mo ní ariwo yìí pọ̀!”

“Ẹ jẹ́ kó máa pariwo! Kò sá jò!”

Adéyẹ́misí bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nínú ilé náà. Nígbà tí òjò dẹwọ́ díẹ̀, ó na ọwọ́, ó fi kan ògiri, ó ń fi ìka rẹ̀ pa á.

“Ibí ni bàbá Gàníyù ń sùn.”

“Mo mọ̀.”

“O mọ̀, kí ni o kò ní mọ̀? Ìwọ lò ń gbá a. Láti ìgbà tí o ti lọ, kò sẹ́ni tó gbá ilé yìí kó mọ́ mọ́.”

Àríkẹ́ kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun sunkún. Ó rí i pé ìyá àgbà náà ti wá ọ̀rọ̀ tó dára jù lọ tó ní, ó sì ti kó o fún òun. Ó rẹ́rìn-ín.

Adéyẹ́misí gbé ọwọ́ kúrò lára ògiri. Ó wá ní, “Lọ́jọ́ tí o lọ, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni mo wà. N kò jáde wá dágbére fún ọ. Ojú ń tì mí kí wọ́n má bàa rí i pé mò ń sunkún nítorí…”

“Nítorí ẹrú,” ni Àríkẹ́ bá a parí rẹ̀.

“Ẹnu rẹ lo fi sọ ọ́.” Ìyá àgbà fa aṣọ náà mọ́ra. “Dáná sí i, òtútù ń mú mi.”

Àárín àwọn àpò iyọ̀ ni Adéyẹ́misí ń sùn títí ìgbà òjò fi parí. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, Gàníyù mọ ògiri ẹ̀yìn padà. Ó sọ fún Àríkẹ́ láìfi pa mọ́ pé owó ilé tó ń san lòun tọ́jú, òun lòun fi kún tòun ra páánù. Inú Àríkẹ́ dùn sí i ju bí ẹni pé wọ́n dá owó náà padà fún un lọ. Ní ti Adéyẹ́misí, kò bá wọn jiyàn nípa páánù mọ́. Ohun tó kàn sọ ni pé kí Hezekiah gbé fèrèsé sí tòun náà, kí ó sì kọjú sí apá ibi tí Àríkẹ́ wà.

Ó ṣì ń pe Àríkẹ́ ní òwúrọ̀. “Àríkẹ́ o!” Àríkẹ́ yóò sì dáhùn níbi tó jókòó sí pé, “Ìyá o!” Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí iṣẹ́ kankan tó fẹ́ rán an. Yóò ní, “Mo ní ṣé o wà níbẹ̀ ni.”

Nígbà tí Àṣàkẹ́ gbé ọmọ wá láti Ìsẹ́yìn kí ìyá rẹ̀ rí i, ó wo ilé náà yípo, ó gbọ́ ìtàn rẹ̀, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ó ní, “Ìyá mi, ọkọ mi ní kí ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kí lẹ ń ṣe níbí? Ẹ ẹ́ máa sanwó nílé tí wọ́n ti fi yín ṣẹrú?”

Àríkẹ́ gba ọmọ náà, ó gbé e lé ẹsẹ̀. “Bá mi kí ọkọ rẹ, ó ṣeun. Mò ń bọ̀ wá kí yín. Ṣùgbọ́n ibí yìí, mo yàn án ni. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ wá, ẹnikẹ́ni ò bi mí bóyá mo fẹ́.”

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Gàníyù ti wẹ̀, ó ti wọ agbádá funfun, ó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó yà lọ́dọ̀ wọn, ó fọwọ́ kan orí ọmọ náà, ó súre fún un. Adéyẹ́misí jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó ń họ ẹ̀pà. Obìnrin àdúgbò kan wọlé, ó fẹ́ ra iyọ̀ díẹ̀ fún ọbẹ̀. Bí Àríkẹ́ ṣe ń wọ̀n ọ́n fún un, Adéyẹ́misí gbé etí sí i.

“Ìwọ̀n yẹn kò kún,” ló wí. “Mo gbọ́ bó ṣe dún.”

“Ó kún, ìyá.”

“Bù sí i fún un. Ará ilé wa ni.”

Àríkẹ́ bù sí i.